Sítíkà Tó Kọ̀ Tí Kò Jẹrà

Ọkùnrin kan wà tó ń sọ ìdọ̀tí di ilẹ̀. Iṣẹ́ tó yàn fún ara rẹ̀ nìyẹn lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ rélùwéè. Ó gbẹ́ kòtò mẹ́ta sẹ́yìnkùlé rẹ̀, ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo ojú wọn, gbogbo ohun tí àwọn aládùúgbò bá sì fẹ́ dànù láti ilé ìdáná, òun ló ń gbà á. Èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, háhá àgbàdo, eérú, ìgbẹ́ adìyẹ, ewébẹ̀ tó ti rọ, inú kòtò ni gbogbo rẹ̀ ń lọ. Yóò fi ọkọ́ yí i, yóò bomi wọ́n ọn, yóò tún bò ó. Bí àkókò rẹ̀ bá pé tó sì ṣí i, ohun tí yóò bá níbẹ̀ á ti di ilẹ̀dú, á dúdú, á rọ̀, á sì máa ta sánsán bí ilẹ̀ inú igbó lẹ́yìn òjò.

Inú rẹ̀ máa ń dùn sí i ju bó ṣe yẹ lọ. Yóò bu ún sí àtẹ́lẹwọ́, yóò gbé e sún mọ́ imú àlejò, á ní kí ó gbóòórùn rẹ̀. Ẹni tó wá bá a sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ọmọ, ilẹ̀dú ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ òórùn rẹ̀ kí wọ́n tó fún un ní àga. Òwe kan ṣoṣo ló sì mọ̀ ọ́n pa nídìí iṣẹ́ náà: "Ààtàn kì í kọ ẹ̀gbin." Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè bóyá eegun ẹja lè wọ inú kòtò, òwe náà ni yóò fi dá a lóhùn. Bí wọ́n bá mú àkísà aṣọ wá, òwe náà ni. Àkísà náà sì jẹrà lóòótọ́, torí pé òwú ni. Èyí ló tan ọkùnrin náà jẹ. Òwe tó bá ti já sóòótọ́ fún èèyàn lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, èèyàn kì í fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò mọ́ nígbà kọkànlá.

Nígbà tó yá, obìnrin eléso kan wá pàtẹ sí ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn ìlú náà. O mọ̀ pé àwa kì í lọ wo aláìsàn lọ́wọ́ òfo. Ápù ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rà lọ, nítorí náà ápù ló pọ̀ jù lórí àtẹ rẹ̀, òun àti ọsàn òyìnbó. Èyí tó bá bàjẹ́ níbẹ̀, yóò kó o sínú apẹ̀rẹ̀ fún ọkùnrin wa yìí. Ó tẹ́ àwọn méjèèjì lọ́rùn. Eṣinṣin kúrò nídìí àtẹ obìnrin náà, kòtò ọkùnrin náà sì ń kún.

Àmọ́ sítíkà wà lára ápù kọ̀ọ̀kan. Ìwọ náà ti rí i rí, nǹkan róbótó tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ, tí wọ́n kọ orúkọ àti nọ́ńbà sí. Bébà ni a ń pè é, ṣùgbọ́n kì í ṣe bébà. Ọ̀rá ni.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọkùnrin náà gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ sẹ́bàá kòtò, ó ní òun yóò ṣí wọn kúrò. Ẹni tí kò bá ṣe irú iṣẹ́ yìí rí lè rò pé eré ọmọdé ni. Bí ápù bá ṣì le, èékánná lásán ti tó. Ṣùgbọ́n ápù tó ti rà, bí o bá fọwọ́ kàn án, awọ rẹ̀ á bó, omi rẹ̀ á ṣàn dé ìgúnpá rẹ, sítíkà á sì lẹ̀ mọ́ ọ níka. O fi ọ̀tún yọ ọ́ kúrò lósì, ó di ti ọ̀tún. O fi òsì yọ ọ́, ó padà sósì. O gbọn ọwọ́, kò já. O nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó di ará ṣòkòtò. Kí ọkùnrin náà tó ṣí ogún, eṣinṣin ti kún ojú rẹ̀, inú sì ti ń bí i sí ẹni tó kọ́kọ́ ronú pé ó yẹ kí a máa kọ nǹkan sára èso.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó wọ agbádá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Òun ló kàn láti ka Bíbélì. Ó dìde, ó kà á ketekete, ṣùgbọ́n ó ń rí àwọn akọrin tí wọ́n ń fi ìwé orin bo ẹnu. Nígbà tó padà jókòó, ìyàwó rẹ̀ na ọwọ́, ó sì ṣí sítíkà pupa kan kúrò lẹ́yìn etí rẹ̀.

"Bàbá Ìbíyẹmí," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí i létí, "wọ́n ti fẹ́ tà yín."

Ọkùnrin náà kò bá a rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń da ápù sínú kòtò bó ṣe dé, tòun ti sítíkà ara rẹ̀. Ìgbà mìíràn wà tó jẹ́ pé àti apẹ̀rẹ̀ ni yóò jù sí i.

Ìyàwó rẹ̀ rí i, ó sì bá a sọ ọ́ níjọ́ kan tó ń gé ẹ̀fọ́ lọ́wọ́. "Ẹ jẹ́ kí n máa bá yín ṣí i. Àwa méjèèjì á jókòó, a ó máa tàkúrọ̀sọ, ká tó mọ̀ ọ́n, ó ti tán."

"Ìyá Ìbíyẹmí, nítorí ohun tí kò tó èékánná? Ààtàn kì í kọ ẹ̀gbin."

"Kì í kọ̀ ọ́ lóòótọ́. Ẹ ò tíì sọ fún mi pé ó máa ń jẹ ẹ́ tán."

"Ọjọ́ á jẹ ẹ́. Kí ló wà láyé yìí tí ọjọ́ kì í jẹ?"

Obìnrin náà tẹ orí ba ẹ̀fọ́ rẹ̀. Ó ti gbé pẹ̀lú rẹ̀ fún ọdún mọ́kànlélógójì, ó mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ kò ní wọlé.

Báyìí ni ọdún méjì kọjá. Ní ìlú kan náà, opó kan wà tó ń gbin ọmọ igi fún àwọn tó fẹ́ rà á. Mọ́ńgòrò, àgbálùmọ̀, ọsàn, inú ọ̀rá dúdú ló ń gbin wọ́n sí, yóò sì máa bomi rin wọ́n títí wọn yóò fi tó gbé lọ. Ẹ̀yìn ilé ọkọ rẹ̀ tó kú ló ti ń ṣe é, àwọn ẹbí ọkọ sì kàn ń wò ó níran ni. Wọ́n ti sọ ọ́ sétígbọ̀ọ́ rẹ̀ pé bí eré erùpẹ̀ yìí bá sú u, kí ó di ẹrù rẹ̀ padà sílé bàbá rẹ̀, àwọn fẹ́ fi ẹ̀yìnkùlé náà kọ́lé. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ilé-ẹ̀kọ́ kan ní kí ó bá àwọn gbin igba ọmọ igi. Atẹ́gùn ti ká òrùlé ilé-ẹ̀kọ́ náà lẹ́ẹ̀mejì, àwọn òbí wá pinnu pé àwọn yóò fi igi yí ọgbà náà ká, àwọn ọmọ fúnra wọn ni yóò sì gbìn ín. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò bọ́ sọ́wọ́ opó náà rí. Bó bá yọrí, kò ní sẹ́ni tí yóò tún pe iṣẹ́ rẹ̀ ní eré erùpẹ̀. Bí kò bá yọrí, ó mọ ohun tí wọ́n máa sọ.

Ó lọ bá ọkùnrin náà, ó kúnlẹ̀. "Bàbá, ilẹ̀dú yín ni mo fẹ́ lò. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe èyí tí mo lè fi dánra wò."

Orí ọkùnrin náà wú. Ó ní kó dìde, ó ní kò sí irú ilẹ̀ òun ní gbogbo àgbègbè náà. Ó ṣí kòtò tó dàgbà jù, òun fúnra rẹ̀ ló sì bá a fi bárò kó o dé ilé. Bó ṣe ń wà á ló rí àwọn sítíkà náà nínú ilẹ̀ dúdú, wọ́n ń dán yinrin. Ó ṣa bíi mẹ́wàá tó wà lójú òkè. Lẹ́yìn náà ó wo ẹ̀yìn, kò sẹ́ni tó ń wò ó, ó sì da erùpẹ̀ lé ìyókù.

Mo fẹ́ kí o fi ibẹ̀ yẹn sọ́kàn. Kí ó tó di ọjọ́ náà, àìmọ̀ ni. Lọ́jọ́ náà, ó rí i, ó sì bò ó.

Àwọn igi náà hù dáadáa. Ewé wọn tutù yọ̀yọ̀, ẹni tó bá ń kọjá á dúró wò wọ́n. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́wàá tí wọn yóò gbìn wọ́n, alága ẹgbẹ́ àwọn òbí wá wò wọ́n. Àgbàlagbà obìnrin ni, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, irú ẹni tí kì í fi ojú lásán yẹ iṣẹ́ wò. Ó yin ewé, ó yin igi, ó sì ki ìka bọ inú ilẹ̀. Sítíkà ló bá ìka rẹ̀ jáde. Ó ki ìka bọ òmíràn, méjì jáde. Ó yẹ ìkẹta wò, ìkẹrin, ó sì nu ọwọ́ rẹ̀.

"Ìyáàfin, níbo lẹ ti rí ilẹ̀ yìí? Ṣé kì í ṣe ààtàn ẹ̀yìn ilé ìwòsàn?"

Gbogbo ìlú ló mọ ohun tó wà nínú ààtàn yẹn, abẹ́rẹ́, àfọ́kù ìgò, òwú ẹlẹ́jẹ̀. Opó náà búra pé kì í ṣe ibẹ̀. Ó ní ẹ̀yìnkùlé èèyàn pàtàkì kan ló ti wá.

"Mi ò sọ pé ẹ purọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́fà ni yóò ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Bí nǹkan báyìí bá wà níbẹ̀, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ ohun tó tún wà níbẹ̀? Bí ó bá mọ́ kí ọjọ́ tó pé, ẹ gbé e wá. Bí kò bá mọ́, ẹ jọ̀ọ́, a ó wá ẹlòmíràn."

Kí alága tó dé ìta, àwọn ẹbí ọkọ ti gbọ́. Ìyàwó ilé kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó béèrè lọ́wọ́ opó náà bóyá yóò fẹ́ páálí tó nípọn láti fi di àwọn àwo rẹ̀. Opó náà gbé ọmọ igi kan pẹ̀lú ọ̀rá rẹ̀, ó gba ọ̀nà ilé ọkùnrin náà lọ.

Ọkùnrin náà gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó ní, "Ọmọ mi, sọ fún wọn pé ápù lásán ni. Kò lè ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Bí wọ́n bá ní sùúrù ọdún kan péré sí i, wọn yóò wá a tì."

Opó náà tọrọ abọ́ omi lọ́wọ́ ìyàwó ọkùnrin náà, ó bu ẹ̀kúnwọ́ méjì nínú ilẹ̀ náà sínú rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ rò ó títí erùpẹ̀ fi ṣàn kúrò. "Bàbá, ẹ dákun, ẹ bá mi wá ápù nínú èyí."

Kò sí ápù. Kò sí awọ rẹ̀, kò sí kóró inú rẹ̀, kò sí igi orí rẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi kó o wá pàápàá kò sí, kò ku okùn kan ṣoṣo. Sítíkà méje ló wà ní ìsàlẹ̀ abọ́. Opó náà ṣa wọ́n, ó tò wọ́n sẹ́yìn ọwọ́ ọkùnrin náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì lẹ̀ mọ́ ọn bíi ti tẹ́lẹ̀. Pupa wọn ṣì pọ́n. Orúkọ ara wọn ṣì ṣeé kà.

Ọkùnrin náà wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ọdún méjì ni kòtò yẹn ti wà ní bíbò. Ọjọ́ ti jẹ èso, ó ti jẹ apẹ̀rẹ̀, ó ti jẹ aṣọ àti eegun ẹja. Ohun tí èèyàn lẹ̀ mọ́ èso lára, tí kì í ṣe ara èso náà rárá, òun nìkan ni ọjọ́ kò jẹ. Ojú tì í débi pé kò lè gbé e sókè wo ìyàwó rẹ̀. Ó ń retí kí ìyàwó náà sọ pé òun ti wí. Obìnrin náà kò sọ ọ́. Ó wọlé lọ gbé àpótí ìjókòó méjì jáde, ó sì gbé báàfù omi lé orí.

Àwọn mẹ́ta ni wọ́n jọ jókòó sẹ́yìnkùlé opó náà. Ọmọ igi tí ọkùnrin náà kọ́kọ́ mú, ó fẹ́ kí ó yá. Ó rí etí sítíkà kan, ó fà á bó ṣe máa ń fà á nígbà tó wà lára ápù. Gbòǹgbò bá a jáde. Kí oòrùn tó kanrí, igi náà ti rọ. Kò sẹ́ni tó sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé gbòǹgbò tí kò bá lè jẹ nǹkan á yí i ká, á dì í mú, á sì máa dàgbà lé e lórí.

"Ẹ rọra, Bàbá," ni opó náà wí. "Ẹ má fà á. Ẹ jẹ́ kí omi kọ́kọ́ ṣí i."

Wọ́n ń ki ọ̀rá kọ̀ọ̀kan bọ omi títí ilẹ̀ yóò fi rọ̀, wọn yóò wá fi ìka wá sítíkà láàárín gbòǹgbò, wọn yóò sì tún un gbìn. Ọjọ́ mẹ́jọ gbáko ni. Ẹ̀yìn ń ro ọkùnrin náà, ọwọ́ rẹ̀ hunjọ. Ó ń rántí bó ṣe jẹ́ pé ìṣẹ́jú kan lórí ápù tó ṣì le ni ì bá gbà. Ọmọ igi mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló kú mọ́ wọn lọ́wọ́.

Nígbà tí ó tán, kò jókòó sílé. Ọjọ́ ìpàdé àwọn òbí, ó wọ agbádá tó fi ka Bíbélì lọ́jọ́sí, ó lọ dúró níwájú gbogbo wọn. Ó ní, "Èmi ni mo ni ilẹ̀ náà. Kì í ṣe ilé ìwòsàn, kì í sì í ṣe ẹ̀bi obìnrin yìí. Mo rí i nínú ilẹ̀ kí n tó gbé e fún un, mo sì bò ó." Lẹ́yìn náà ó ṣàlàyé ohun tó wọ kòtò rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Alága ki ìka bọ ọ̀rá mẹ́wàá, kò rí nǹkan kan. Wọ́n gba àwọn igi tó kù. Àwọn ọmọ gbìn wọ́n, àwọn ẹbí ọkọ kò sì béèrè nípa páálí mọ́.

Opó náà dárí ji ọkùnrin náà. Bó bá pàdé rẹ̀ lọ́nà, yóò kúnlẹ̀ kí i. Ṣùgbọ́n kò bu ilẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́ láéláé. Ọkùnrin náà kò sì bi í ní ìdí. Ní òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń lọ sídìí àtẹ obìnrin eléso, yóò gbé ápù tó bá ti fẹ́ bàjẹ́ lé itan, yóò sì fi èékánná ṣí sítíkà rẹ̀ nígbà tó ṣì le. Wọ́n ní kò pa òwe rẹ̀ yẹn mọ́.

Oyèkànmí, ibi tí mò ń lọ nìyí. Mo rí i pé o ti ń wo ilẹ̀ láti ìgbà tí mo ti dé ibi abọ́ omi.

Àbúrò ìyá rẹ ni mí. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí a jókòó pín ẹrù rẹ̀. A ṣí àpótí, aṣọ sányán rẹ̀ kò sí níbẹ̀. O dìde, o nawọ́ sí àbúrò rẹ tó ń tọ́jú ìyá yín títí ó fi kú, o pè é ní olè lójú gbogbo ẹbí. Ọdún mẹ́ta nìyẹn. Lóṣù tó kọjá, aṣọ náà jáde lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ ìyá rẹ kan, ìyá rẹ fúnra rẹ̀ ló gbé e yá a kí ó tó kú. O sì wá bá mi láàárọ̀ yìí, o ní, "Ẹ má jẹ́ ká tún tú u sílẹ̀, Màámi. Aṣọ ṣáà ti jáde, gbogbo èèyàn ti gbọ́. Ọjọ́ á jẹ ẹ́."

Ọjọ́ ti jẹ ọ̀rọ̀ aṣọ. Ó ti jẹ ìbínú rẹ. Èmi náà, ó ń jẹ mí lọ díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ ìyàwó àbúrò rẹ kì í bá wa jókòó mọ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin sì bi mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kí ni bàbá òun jí. Ọmọ ọdún méje. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ó ti fi gbòǹgbò yí i ká.

Nítorí náà, má fà á pẹ̀lú ìkánjú. Lọ sílé àbúrò rẹ, jókòó, kí o jẹ́ kí ó sọ gbogbo ohun tó wà níkùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà, pe ẹbí jọ. Má ṣe é ní kọ̀rọ̀, torí kì í ṣe kọ̀rọ̀ ni o ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Àwa mẹ́tàdínlógún ni a wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Méjì ti kú nínú wa, olè ni wọ́n sì mọ̀ ọ́n sí lọ.

Àwa mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ṣẹ́ kù. Pè wá kí a tó tún dín.